Ọ̀bọ Oníwàrà àti Ọmọ Ẹfọ̀n

Irọ́ ni Láníyonu aládùúgbò mi ń pa, tó ní n ò dé Íńdíà rí! Mo dé Íńdíà, ẹsẹ̀ mi méjèèjì yìí ni mo fi rìn ín. Níbẹ̀ ni àlọ́ mi ti dá fìrìgbagbóò, ó balẹ̀ sórí Ọ̀bọ oníwàrà.

Àwọn ẹranko ìlú Ọ̀bọ kì í jẹ ẹran. Wàrà Ìyá Ẹfọ̀n ló ń gbé ọmọ wọn ró. Láràárọ̀, ọmọ Ẹfọ̀n á kọ́kọ́ fa ọmú díẹ̀, á máa kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Yèyé mi, ọmọ rẹ rèé o,
*Wàrà, máa ṣàn.*
Kí n mu, kí ìlú mu o,
*Wàrà, máa ṣàn.*

Ìgbà náà ni Ọ̀bọ á wá fún wàrà tí yóò tà.

Lọ́jọ́ kan, Ọ̀bọ ní, "Alájẹkì ọmọ! Ọjà mi lo ń mu." Ó lé e wọ igbó.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ọ̀bọ fa ọmú títí, ẹ̀kán kan ò kán. Òun náà bá kọrin. Ìyá Ẹfọ̀n wò ó, ó ní, "Ṣé èmi ni mo bí ìwọ náà ni?"

Ebi ń pa àwọn ọmọ ìlú, igbe ta. Ni Ọ̀bọ bá sáré wọgbó, ó pọn ọmọ Ẹfọ̀n wálé, ẹ̀yìn ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kán.

Láti ọjọ́ náà, Ọ̀bọ ló ń kúnlẹ̀ fún ọmọ Ẹfọ̀n láràárọ̀: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá mu."

Ọ̀fun mi ti gbẹ o. Ẹ ra wàrà fún mi, kí wọ́n má bu omi sí i.