Òwú Tó Wà Lẹ́sẹ̀ Ẹyẹ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn nǹkan ẹlẹ́mìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìtàn yìí dé òpin. Ẹ má kà á dé àárín kẹ́ ẹ ní ẹ ti mọ ibi tó ń lọ, torí obìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í ṣe ìkà. Àánú ló fi bẹ̀rẹ̀.

1.

Aránṣọ ni. Àwọn oníbàárà rẹ̀ sọ ọ́ ní Abẹ́rẹ́-ò-sinmi, torí bó bá ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ pàápàá, ọwọ́ rẹ̀ á ṣì máa rán nǹkan. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbọ́ "gbà!" lára gíláàsì fèrèsé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Nígbà tó jáde, ẹyẹ kékeré kan ló bá nílẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tó máa ń kọrin lórí igi iwájú ṣọ́ọ̀bù. Apá rẹ̀ kan wọ́ nílẹ̀, ó sì ń mí fúkẹ́fúkẹ́.

"Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi." Ó fi àjákù aṣọ bò ó, ó rọra gbé e wọlé.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ohun tó dára ló ṣe. Ẹlòmíì á kàn fi ìgbálẹ̀ gbá a dànù ni.

2.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Òun ló pè lórí fóònù.

"Wá páálí, lu ihò sí i lára, tẹ́ aṣọ sínú rẹ̀, kó o sì dé e kó lè ṣókùnkùn. Má la ẹnu rẹ̀ da omi sí i o, ó lè gba ọ̀nà èémí lọ. Máa gbé e bọ̀."

Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní apá náà ò kán, ó kàn rọ́ ni. Ó fi báńdéèjì dè é. Kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n fa àbúrò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ọjọ́ tó bá ti lè fò láti ògiri kan dé èkejì, ọjọ́ yẹn gan-an ni kó o ṣí fèrèsé. Má sọ pé ó di ọ̀la. Ẹyẹ igbó ni, kì í ṣe adìẹ."

"Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé ọmọdé ni mí ni?"

Ẹ fi ìdáhùn yẹn sọ́kàn o.

3.

Ó tọ́jú rẹ̀ dáadáa, n ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ẹ̀mú kékeré tó fi ń yọ òwú lára aṣọ ló fi ń fún un ní kòkòrò jẹ. Nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì, ẹyẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Orin náà dùn débi pé ẹni tó wá gba aṣọ kì í fẹ́ lọ mọ́. Abẹ́rẹ́-ò-sinmi ká a sórí fóònù, ó fi ránṣẹ́ káàkiri.

"Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi! Èmi ló ń kọrin fún."

Ọkọ rẹ̀, tó yà sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan, ló tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa. "Ìyàwó mi, wo orí igi yẹn. Bí ti inú ilé bá kọ ọ́, ti ìta á dáhùn. Ẹnìkejì rẹ̀ ló ń pè."

"Ẹ̀yin náà! Àbí ẹ ti ń jowú ẹyẹ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó fa kọ́tínnì bo fèrèsé.

4.

Ọjọ́ náà pé. Ẹyẹ fò láti orí àpótí òwú dé orí dígí, ó tún fò padà. Obìnrin yìí rí i. Ó tilẹ̀ nawọ́ kan fèrèsé. Ṣùgbọ́n ó ronú bí ṣọ́ọ̀bù yóò ṣe dákẹ́, àti àwọn tó ń yìn ín, ló bá fawọ́ sẹ́yìn.

Ó mú òwú tó ń lò fún ẹwù ìyàwó. Òwú yẹn tinrin bí irun, kì í já. Bí ẹ bá fà á, ọwọ́ yín ni yóò gé. Ó so ó mọ́ ẹyẹ lẹ́sẹ̀, ó so ìdí òwú náà mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì.

"Títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ péré," ló sọ fún ẹyẹ náà.

Kókó tí aránṣọ bá ta kì í tú, ìyẹn sì ni iyì rẹ̀. Ṣùgbọ́n aṣọ kì í bá òwú jà, ẹyẹ ń bá a jà. Ìgbàkígbà tí ti orí igi bá ké, ti inú ilé á fò, kókó á sì fún sí i.

5.

Ẹ̀gbọ́n wá gba aṣọ rẹ̀. Ẹyẹ ò kọrin, igun kan ló ká jọ sí.

"Kí ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀?"

"Òwú lásán ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Mú sísọ́ọ̀sì wá."

Wọn ò rí òwú gé. Ó ti wọnú ẹran lọ, ẹsẹ̀ ti wú, ó ti dúdú. Ẹ̀gbọ́n wá páálí ọjọ́sí, ó tẹ́ aṣọ sí i. Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹyẹ ti kú sínú rẹ̀.

Dókítà na apá rẹ̀ wò. "Apá yìí ti san pátápátá," ó ní. "Ì bá ti gbé e dé ibikíbi."

Abẹ́rẹ́-ò-sinmi bú sẹ́kún.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ṣí kọ́tínnì, ó ṣí fèrèsé gbayawu. Ti orí igi kọrin, ó dákẹ́, ó ń retí ìdáhùn. Ó tún kọ ọ́. Obìnrin náà jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ó káwọ́ lé itan, ó ń gbọ́. Oníbàárà kan wọlé, ó bi í pé, "Ẹyẹ yín ńkọ́?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbọ́ o. Bẹ́ ẹ bá gbé ẹyẹ tó ṣubú, ẹ kú àánú. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó bá lè fò, ẹ ṣí fèrèsé. Ẹ má jẹ́ kí ìyìn ayé sọ ìtọ́jú yín di ẹ̀wọ̀n. Bó ṣe rí fún ẹyẹ náà ló rí fún ọmọ tẹ́ ẹ tọ́ àti ẹni tẹ́ ẹ ràn lọ́wọ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára.