Korobá Ọ̀sán

Olórí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin yọ́ jáde ní yàrá ìsùn bí ológbò. Korobá Rhoda, ọmọ ìlú Rore tó wà ní kíláàsì kìíní, ló gbé dání. Korobá tirẹ̀ ti dàwátì láti àárọ̀, ṣùgbọ́n kò ráyè wá a. Gbogbo ilé ìwé ń sun oorun ọ̀sán, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí òun.

Lánàá ló lọ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. "Fadá, mo ní kí ọmọ kékeré kan kúnlẹ̀ sínú oòrùn."

"Ṣé ó ń pọnmi fún ọ náà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Fadá."

"Ó dáa. Ọjọ́ méje ni ìwọ náà máa pọnmi fún un. Má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ó dé ìdí ẹ̀rọ omi, ó dúró gbagidi. Sẹ́níọ̀ mẹ́sàn-án ti tò síbẹ̀ pẹ̀lú korobá àwọn ọmọ kékeré, wọ́n dorí kodò bí adìẹ tí òjò pa.

"Ẹ káàsán o."

Ọ̀kan nínú wọn fi korobá bojú.

Níwájú gbogbo wọn ni Sísítà wà, ẹni tó gbá olórí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin létí lọ́jọ́ Ẹtì nítorí pé ó pẹ́ dé Mísà. Sísítà ká aṣọ funfun rẹ̀ sókè, ó ń làágùn, ó ń pọnmi sínú korobá pupa kan. Orúkọ olórí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin wà lára korobá náà gàdàgbà.