Igún àti Afẹ́fẹ́ Orí Odò

Àlọ́ mi fò, ó fò, ó bà sórí Igún tó ń gbé èrò sọdá odò ńlá.

Ọba ẹyẹ ló pàṣẹ pé kí Igún yéé ju apá, nítorí afẹ́fẹ́ yára jù ú lọ. Igún kàn ń na apá ni, afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ. Nígbà tó yá, ó ń tòògbé lójú sánmà.

Lọ́jọ́ kan, ìyá arúgbó kan, Ọ̀kẹ́rẹ́, gun ẹ̀yìn rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ti bímọ lódìkejì, ó fẹ́ lọ wẹ ọmọ-ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́. Wọ́n dé àárín odò, afẹ́fẹ́ dá. Igún ṣì na apá, ó ń retí afẹ́fẹ́, wọ́n sì ń já bọ́ sínú omi.

“Igún, ju apá!”

“Màmá, mo ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń jù ú!”

Màmá kò bú u. Ó dì mọ́ ọn lọ́rùn, ó kọrin bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún:

Igún ọmọ mi, gbé e sókè,
*Fìrì, fìrì!*
Sọ ọ́ sílẹ̀, tún gbé e sókè,
*Fìrì, fìrì!*
Ọmọ tuntun ń retí ìwẹ̀,
*Fìrì, fìrì!*

Igún ń ju apá tẹ̀lé orin náà títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kan iyanrìn.

“Màmá, apá ń dùn mí.”

“Yóò dùn ọ́, ọmọ mi. Ohun tó ti sùn ló ń jí.”

Ẹ̀yin ọ̀gá àwọn awakọ̀ òfúrufú, ẹ̀yin ni mo pàlọ́ yìí fún. Ẹ̀rọ tó ń wa ọkọ̀ fúnra rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí awakọ̀ máa fọwọ́ ara rẹ̀ wà á nígbà tí ojú ọjọ́ bá dára. Àwọn ìyá wa ló jókòó sẹ́yìn rẹ̀.