Kọ̀ǹpútà Tó Wà Ní Yàrá Màmá

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ jù ú sílẹ̀ o. Ẹ kà á tán pátápátá. Ó lè jẹ́ ilé yín ni yóò gbà là.

1.
Ọkùnrin kan wà tó ń to kọ̀ǹpútà orí tábìlì fún ẹni tó bá fẹ́. Dáńtọ́ ni gbogbo èèyàn ń pè é, orí rẹ̀ sì ti wú débi pé bí ẹ bá pè é ní orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, kò ní í dá yín lóhùn. Iṣẹ́ rẹ̀ dára lóòótọ́. Ó ní òfin kan: kọ̀ǹpútà kankan kò gbọdọ̀ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù láìjẹ́ pé òun fún un ní iṣẹ́ tó le ṣe fún odidi ọjọ́ kan, kí òun máa gbọ́ ohùn fáànù rẹ̀, kí òun máa fọwọ́ kàn án bóyá ó gbóná jù. Tó bá yege, á fọwọ́ sí bébà kan, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ń ya àwòrán ilé fún àwọn tó fẹ́ kọ́lé, ní kó to ọ̀kan fún òun. Ilé ló ti ń ṣiṣẹ́ nítorí Màmá wọn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Inú yàrá Màmá ni tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ wà, kí ojú rẹ̀ lè máa wà lára ìyá.

Ọjọ́ tí Dáńtọ́ to kọ̀ǹpútà yìí tán gan-an ló gbé e lọ. Ó tàn án, ó mọ́lẹ̀ kedere, ó rẹ́rìn-ín. "Kí wá ni ti odidi ọjọ́ kan? Ṣé àná ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ni?" Ló bá fọwọ́ sí bébà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣòfin, òun náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ rú u.

2.
Ní ọjọ́ kẹta, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè é lórí fóònù.

"Àbúrò mi, nǹkan yìí kàn dédé ṣókùnkùn mọ́ mi lójú lẹ́nu iṣẹ́ o."

"Ẹ pa á kí ẹ tún tàn án, Àǹtí mi. Tuntun ló ń ṣe é."

Ní ọjọ́ karùn-ún, ó tún pè láàárọ̀. "Ó ń rùn bíi rọ́bà tó ń jóná. Màmá náà gbọ́ òórùn ẹ̀."

Ó yẹ kí Dáńtọ́ sáré lọ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá tú u tó bá àléébù níbẹ̀, kí ni yóò sọ nípa bébà tó fọwọ́ sí? Ìtìjú dì í mú. Ló bá dá ọgbọ́n kan tí kì í ṣe ọgbọ́n: ìdánwò tí òun kò ṣe ní ṣọ́ọ̀bù, kí kọ̀ǹpútà kúkú ṣe é nílé ẹ̀gbọ́n òun.

"Ẹ fún un níṣẹ́ tó le, kí ẹ má sì pa á títí dọ̀la. Ara ẹ̀ á balẹ̀."

"Ṣé kò séwu?"

"Àǹtí, èmi ni mo tò ó o!"

3.
Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn kan náà, Dáńtọ́ ń to kọ̀ǹpútà mìíràn. Ó ki wáyà ńlá tó ń gbé iná wá bọ ojú ihò rẹ̀, ó sì gbọ́ "kẹ́", ohùn tó fi hàn pé wáyà ti di ibẹ̀ mú. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Lórí ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò rántí pé òun gbọ́ "kẹ́" yẹn. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, kò rántí. Bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ pé wáyà tí kò bá wọlé tán á máa gbóná ni, á gbóná títí á fi yọ́, á sì gbiná. Ló bá pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù.

"Àǹtí, ẹ pa kọ̀ǹpútà yẹn!"

"Mi ò sí nílé. Mo wá ra oògùn Màmá. Mo fi sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́, bí o ṣe wí."

"Ta ló wà nílé?"

"Màmá nìkan. Ó ń sùn. Kí ló dé? Àbúrò mi, kí ló dé?"

Ó ti ń sáré.

4.
Ẹ̀rù bà á débi pé kò mọ ìgbà tí bàtà rẹ̀ bọ́. "Olúwa, jẹ́ kó jẹ́ pé àyà mi ló kàn ń já lásán." Ṣùgbọ́n nígbà tó yọ sí ilé náà, èéfín dúdú ló rí tó ń gba ojú fèrèsé jáde. Ilẹ̀kùn wà ní títì.

"Màmá! Màmá!"

Ó gbọ́ ikọ́ kan láti inú. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Lẹ́yìn náà, kò gbọ́ nǹkan kan mọ́, ìyẹn sì bà á lẹ́rù ju èéfín lọ. Òun àti káfíńtà tó ń gbé ní ilé kejì fi èjìká já ilẹ̀kùn. Kọ́tìnnì ń jó lókè tábìlì. Màmá wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ nítòsí ẹnu ọ̀nà. Ó ti fi ọwọ́ wọ́ ara rẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì débẹ̀.

5.
Ní ọsibítù, dókítà ní èéfín ti wọ Màmá lẹ́dọ̀fóró jù. Ẹ̀gbọ́n dé, ó kọjú ìjà sí àbúrò rẹ̀. Màmá la ojú díẹ̀.

"Má bá a jà. Ọmọ mi kì í gbé iṣẹ́ tí kò dán wò jáde."

Ẹ̀gbọ́n rọra bi í pé, "Ṣé o dán an wò?"

Irọ́ ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ó wo ojú ìyá rẹ̀, kò lè pa irọ́ náà.

"Mi ò dán an wò."

Màmá gbọ́. Ó yí ojú sí ògiri. Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, ó ti dákẹ́, ọ̀rọ̀ yẹn ló sì gbọ́ kẹ́yìn lẹ́nu ọmọ rẹ̀.

Ìwọ tó ń ka èyí, má fọwọ́ sí ohun tí o kò dán wò, bó ti wù kí ọwọ́ rẹ mọ iṣẹ́ tó. Bí ẹ̀rọ tuntun bá ń ṣókùnkùn, tó ń rùn, yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára iná, kí o sì pe ẹni tó tò ó kó wá fojú ara rẹ̀ rí i. Bó bá sì jẹ́ ìwọ lo ṣàṣìṣe, tètè jẹ́wọ́. Ìtìjú òní á di ohun ìgbàgbé tó bá yá. A kì í fi iná sórí òrùlé ká lọ sùn.