Ẹni Tó Ń Ṣi Ohùn Mú

Ọ̀gá akọrin dá orin dúró. "Ẹnì kan ń ṣi ohùn mú," ó wí. "Ẹ jẹ́ ká tún un kọ." Kò wo ojú ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n aránṣọ tó dúró láàárín ìlà iwájú ti gbà pé òun ni bàbá náà ń bá wí.

Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì. Bí oníbàárà bá yin aṣọ tó rán, àánú ló máa ń rò pé wọ́n ń ṣe òun. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá pè é lórí fóònù, á ní ó kàn pè kó má baà dà bíi pé kò pè ni. Orin yìí nìkan ló ṣì ń gbé e kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, kò sì fẹ́ kí wọ́n lé e. Ó wá pinnu pé òun á kàn máa mi ẹnu bá ọ̀rọ̀ orin lọ, òun ò ní jẹ́ kí ohùn jáde.

Nígbà tí wọ́n tún pàdé, orin ò já geere rárá. Olùkọ́ iléèwé kan tó máa ń dúró tì í kọrin, tí ohùn rẹ̀ máa ń ròkè lálá, fi ìgbọ̀nwọ́ gbún un.

"Àǹtí, kí ló dé? Mi ò mọ ibi tí mo wà mọ́."

"Má bínú," ni aránṣọ fèsì. Ó dùn ún pé bí òun ṣe dákẹ́ náà, òun ṣì ń bà á jẹ́.

Ọ̀gá akọrin sún mọ́ wọn. Ó tẹ́ etí sílẹ̀, ó tẹjú mọ́ ẹnu aránṣọ. Ẹ̀rù ba aránṣọ, ló bá túbọ̀ ya ẹnu, kó lè jọ ti ẹni tó ń kọrin gidi. Ojú bàbá fà ro.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ṣeun," ó wí nígbà tí orin parí. "Mi ò lè darí yín mọ́."

"Ṣé a ṣẹ̀ yín ni, bàbá?" ni olùkọ́ bi í.

"Ẹ ò ṣẹ̀ mí."

Kò sí ẹlòmíì tó lè darí wọn, wọ́n bá ti gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń kọrin pa. Aránṣọ wọlé, ó da aṣọ bo ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó sì dùbúlẹ̀ tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀. Ó dá a lójú pé òun lòun tú wọn ká.

Ní ilé tiẹ̀, ọ̀gá akọrin jókòó ti ìyàwó rẹ̀, ó ní, "Etí mi ti di, torí mò ń rí ẹnu aránṣọ tó ń mì, àmọ́ mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́ rárá, ohùn yẹn gan-an sì ni gbogbo wọn ń tẹ̀ lé."