Ẹ̀kán Kan Lójú Kọ̀ọ̀kan

Oṣù kẹta lẹ́yìn tí òun àti ìyàwó rẹ̀ sin ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo ni ojú bẹ̀rẹ̀ sí í yún ọkùnrin kan tó ń tún aago ṣe. Ojú náà pọ́n, ó ń ṣomi.

“Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, òun náà la fi ń tún aago ṣe,” ọ̀gá rẹ̀ wí. “Bí ojú rẹ kò bá san kí oṣù yìí tó parí, wáṣẹ́ míì.”

Ìyàwó rẹ̀ ló ń kán oògùn sí i lójú, bí apòògùn ṣe kọ́ ọ: á fọ ọwọ́ rẹ̀, á fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀, á kán ẹ̀kán kan, kò sì ní jẹ́ kí ẹnu ìgò kan ojú. Ó kọ ọjọ́ tó ṣí i sára páálí, nítorí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, dídànù ni.

“Ẹ má fọwọ́ ra á o.”

“Mo ti gbọ́.”

Ọ̀rọ̀ wọn kì í ju bẹ́ẹ̀ lọ mọ́. Ọkùnrin náà kò sunkún nígbà tí ọmọ kú. Nígbà tí ìyàwó fọ gbogbo aṣọ ọmọ, tó kó wọn fún àwọn aláìní, “Ó dáa” ló sọ. Súẹ́tà pupa kan ṣoṣo ni obìnrin náà kò rí. Ó gbà pé ọsibítù ni wọ́n gbàgbé rẹ̀ sí.

“Àbúrò mi, òkúta lo fẹ́,” ẹ̀gbọ́n ìyàwó náà wí fún un. Ó dùn ún wọ eegun, àmọ́ kò jiyàn.

Ojú ọkọ kò san. Ìyàwó padà tọ apòògùn lọ.

“Ẹ̀yin kọ́ lẹ jẹ̀bi, mà. Oògùn kàn ń pa yíyún náà ni, ẹ wá ohun tó ń fà á. Aṣọ tó ti pẹ́ tí ẹ ò fọ̀ máa ń kó eruku, pàápàá níbi tó ń gbórí lé. Bójú bá wá ń ro ó, tàbí tí kò ríran dáadáa mọ́, ẹ sáré gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú.”

Obìnrin náà délé, ó fi omi gbígbóná fọ aṣọ ibùsùn àti kọ́tìnì, ó ra ìrọ̀rí tuntun.

“Ṣé kò sí aṣọ kankan tí mi ò tíì fọ̀?”

“Kò sí.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rò ó dáadáa. Iṣẹ́ fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ yín!”

“Mo ní kò sí.”

Ìyàwó gbé omi ìfọṣọ jáde lọ dà nù.

Ọkọ ti ilẹ̀kùn yàrá, ó fa súẹ́tà pupa kan yọ lábẹ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó bo ojú mọ́ ọn, ó sunkún láìpariwo, ó sì ki súẹ́tà náà bọ inú ìrọ̀rí tuntun kí òórùn ọmọ má bàa lọ lára rẹ̀.