Àtùpà Pápá Bàálù

Nígbà ogun Hitler, àwọn òyìnbó gé oko kòkó bàbá Ọ̀ṣúnlékè lulẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di pápá tí bàálù ológun ń bà sí. Ẹ jọ̀ọ́ lásán, wọn ò sọ. Ọ̀ṣúnlékè fúnra rẹ̀ ni wọ́n tún ní kó máa to àtùpà sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pápá náà, kó sì tàn wọ́n bó bá ti gbúròó bàálù lóru.

Lóru ọjọ́ kan, bàálù kan dé. Inú ń bí Ọ̀ṣúnlékè, kò tan ẹyọ kan. Bàálù náà yí pápá po lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì já sínú igbó. Ọ̀ṣúnlékè sọ fún àwọn òyìnbó pé kẹrosíìnì àtùpà ló tán. Wọ́n gbà á gbọ́.

Ogun parí, òyìnbó lọ, Ọ̀ṣúnlékè kọ́lé sí ìpẹ̀kun kan pápá náà. Ọdọọdún, bí ọyẹ́ bá dé, ló ń gbọ́ ìró bàálù yẹn lóru, òun nìkan.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ ń bu ọbẹ̀ fún un, ló bá dáwọ́ dúró.

"Bàbá Ìdòwú, kí ló ń kùn lókè yẹn?"

Òkèlè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìwọ náà gbọ́ ọ?"

"Ó ti yí po lẹ́ẹ̀mejì."

"Kí wọ́n kọ́kọ́ dá oko bàbá mi padà!" ló fi ìkanra sọ, ó sì ṣílẹ̀kùn.

Ní ìpẹ̀kun kejì pápá lọ́hùn-ún, àtùpà méjì tàn. Méjì mìíràn tẹ̀ lé e. Méjì méjì ni wọ́n ń tàn bọ̀, láìsí ẹni tó ń tàn wọ́n, títí méjì tó kẹ́yìn fi tàn lọ́tùn-ún lósì ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Bàálù náà yí ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀.